Ọjọ́ 28 Tí Owó Mi Fi Há sí Báńkì

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní ìlú Ìbàdàn, mo sì ti lo ọdún 14 nídìí rẹ̀ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Gbogbo ẹni tó gbé ní Nàìjíríà nígbà náà ni yóò rántí bí owó náírà ṣe di àwátì, nítorí náà n kò ní máa tún ìtàn gbogbo ìlú pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 68,500 náírà tèmi ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 28 ni mo fi sá káàkiri kí n tó rí i gbà padà, mo sì mọ̀ lónìí pé n kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ká ní mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe láti ọjọ́ kìíní.

Ọ̀dọ̀ ìròyìn ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, nígbà tí Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, mo gbọ́ ọ lórí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń áyọ́ọ̀nù ìró kan lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi yí rédíò náà sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin, torí pé bí mo bá ti gbọ́ “ìjọba” àti “báńkì” nínú gbólóhùn kan náà, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní owó púpọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 140,000 náírà wà nínú àpò ìrẹsì tí mo ń kó àjákù aṣọ sí, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ owó àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà mi, owó àtijọ́ sì ni láti òkè délẹ̀. Owó tuntun jáde sí ìgboro ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, n kò mira. Wọ́n ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní ni owó àtijọ́ yóò kásẹ̀ ńlẹ̀, mo ní ó ṣì kù. Ìgbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin ni mo tó gbé àpò náà lọ sí báńkì, tí mo sì dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé bí mo ti kó owó yẹn fún wọn, kò ní ṣeé ṣe fún mi láti tún fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì tí wọ́n tún sún gbèdéke náà sí ọjọ́ 10, oṣù Kejì, kò sí owó nínú ẹ̀rọ ATM, àwọn tó ń ṣe POS ládùúgbò wa sì ń gba 2,000 náírà lórí 10,000. Mo san án lẹ́ẹ̀mejì, torí pé awakọ̀ kì í gba tíránsífà, ẹni tó ń ta ata kì í gbà á.

Mo ní iṣẹ́ aṣọ ẹbí nílẹ̀, aṣọ méjìdínlógún, fún ìgbéyàwó tí yóò wáyé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18, oṣù Kejì. Àwọn oníbàárà ti kó lésì wọn wá, àmọ́ láínì, síìpù, gọ́ọ̀mù àti òwú kù. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7, mo lọ sí Ọjà Gbági Tuntun, sí ọ̀dọ̀ Alhája tí mo ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Wọ́n ka iye rẹ̀ fún mi, 68,500 náírà. Mo fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù mi, ó sì fi hàn mí pé ó ti lọ, pé wọ́n ti yọ ọ́ nínú àkáǹtì mi. Alhája gbé fóònù pélébé wọn lé orí ìdì láínì tó wà láàárín wa, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ ọn. Bí iná ojú rẹ̀ bá ti kú, wọn a fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ó tún tàn. Wákàtí kan kọjá, kò sí álààtì.

Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni méjì ló fi álààtì irọ́ kó ọjà mi lọ. Bí owó ò bá tíì dé, n ò lè gbé ọjà sílẹ̀.” N kò bá wọn jà, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn náà ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: mo tún fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé èyí tó kọ́kọ́ lọ ti kùnà, yóò sì padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n tún yọ 68,500 náírà mìíràn, èyí náà kò dé ọ̀dọ̀ Alhája. Mo fi ọwọ́ ara mi sọ gbèsè kan di méjì, ohun tó sì kù sínú àkáǹtì mi kò tó 3,500 náírà. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, orí mi ń fò lọ, n kò lè dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti yọ owó yín tí kò sì dé ibi tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹ má ṣe fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó ti wù kí ọjà náà kánjú tó, ẹ fi sílẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, ni Alhája pè mí fúnra wọn pé ọ̀kan ti wọlé, wọ́n sì kó ọjà mi fún mi ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Èkejì kò dé.

Láàárín àkókò yìí ni mo ti ń lọ sí báńkì. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 8, mo dé ẹ̀ka tí mo ti ṣí àkáǹtì mi ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo sì bá àwọn tó ti sùn síbẹ̀. Bàbá kan ní ìwé kékeré lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá dé, èmi ni ẹni 143. Ẹni tó wá gba owó àti ẹni tó wá fi ẹjọ́ sùn, ìlà kan náà ni gbogbo wa tò sí, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó jáde wá bi wá pé kí ni a bá wá. Ọjọ́ kejì tí mo lọ ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì pé ẹjọ́ ni mo wá rò, n kò wá gba owó, nítorí pé tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́.

Nígbà tí mo wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì yẹn kò gbé ojú sókè. Ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, “Nẹ́tíwọọ̀kì ni, mà. Á padà fúnra ẹ̀.” Mo ní, “Nígbà wo?” Ó ní kí n ṣáà máa wò ó, ó sì ti pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan ni mo bá níbẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ mi rò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ohun kan tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nípa mi. Òun ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, kí n lọ bá báńkì Alhája. Alhája bá mi dé báńkì tiwọn, àwọn yẹn ní owó kankan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì ATM mi títí, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí, bí ó bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí, ìpè a já. Káàdì 1,500 náírà ni mo jó lórí orin yẹn.

Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, ara mi kò gbà á mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin àkọ́kọ́ náà ni mo tún bá, bí ó sì ṣe la ẹnu sọ “nẹ́tíwọọ̀kì”, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí abiyamọ sọ sí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn bá mi dá sí i, gbọ̀ngàn náà dà rú, ẹ̀ṣọ́ sì fà mí jáde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fà mí jáde ni mo rí ọwọ́ ọmọbìnrin náà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ̀n. Búrẹ́dì tí ó bù jẹ lẹ́ẹ̀kan péré wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aago sì ti lé ní mẹ́ta ọ̀sán. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Kì í ṣe òun ló mú owó mi, kò sì ní agbára láti dá a padà, ariwo tí mo pa sì mú kí n pàdánù ọjọ́ náà tán pátápátá.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́ tó láti sọ pé kí a má béèrè ohun tó tọ́ sí wa. Láti oṣù Kẹwàá ni àwọn báńkì ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wá. Wọ́n lè ya ìlà sọ́tọ̀. Wọ́n lè fi ẹni kan síta tí yóò máa ṣàlàyé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹjọ́ lè wo ojú ẹni tó ń rojọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí ó yẹ kó padà wá, èyí kò sì béèrè owó tàbí nẹ́tíwọọ̀kì. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwà báńkì ni àìmọ̀ yẹn, kí ènìyàn máa lọ máa bọ̀ láìmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà yí padà sí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí a ń ránṣọ fún jókòó sórí bẹ́ńṣì ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo dé. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Láti Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti pa fóònù mi, torí pé n kò mọ ohun tí màá sọ fún àwọn oníbàárà: ọjà dé pẹ́, iná kò sí, bẹntiróòlù tí a ó rọ sínú jẹnẹrétọ̀ wọ́n, kò sì sí owó lọ́wọ́ láti fi rà á. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, “Ọ̀gá, kí ẹ ti sọ fún wa ni. Bí ẹ bá ti sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò ní lè parí, à bá ti kó díẹ̀ fún ẹlòmíràn.” N kò rí èsì fún un. Ohun tí mo ń bá báńkì jà sí ni mo ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo tan fóònù ní alẹ́ náà, mo pe àwọn tó ni aṣọ méjèèjìdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ibi tí aṣọ kálukú dé fún wọn. Àwọn méje wá kó aṣọ wọn lọ láìrán. Mo gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mi àtijọ́ síta nítorí àìsí iná, a sì parí mọ́kànlá tó kù ní òru Ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ ilé náà wà ńbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wálé, èmi nìkan ni mo sì máa ń pọn omi, tí mo máa ń dáná, tí mo máa ń fọ aṣọ ilé-ìwé, tí mo máa ń gbálẹ̀ kí n tó jáde. Mo ti sọ ọ́ di àṣà pé kò sí ẹni tó lè ṣe é bí èmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé ní aago márùn-ún, ilé dà rú. Ní ọjọ́ kejì, mo dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo bá àwọn abọ́ tí eṣinṣin bò, àwọn ìbejì sì ti mu gààrí sùn. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún 13, ló sọ pé kí n kọ́ òun. Mo dúró tì í, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó jóná nísàlẹ̀, a jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni omi pípọn ti di ti àwọn ìbejì, oúnjẹ àárọ̀ sì di ti ẹ̀gbọ́n wọn. Wákàtí méjì ni mo ń rí lójúmọ́ báyìí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní, ó sì yẹ kí n ti fi lé wọn lọ́wọ́ kí wàhálà tó dé.

Ẹni tó là mí lójú ni Màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí mo máa ń rán aṣọ fún. Wọ́n yà sọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 15, mo sì rojọ́ fún wọn. Wọ́n ní, “Níbo ni ìwé tí o kọ sí wọn wà?” Mo ní mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, “Ta ló gbọ́ ọ?” Wọ́n mú kí n ṣí fóònù mi, kí n wá rìsíìtì owó tí kò tíì dé, wọ́n sì nawọ́ sí nọ́ńbà gígùn kan tí n kò kíyè sí rí, èyí tí wọ́n ń pè ní session ID. Òǹkà 30 ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báńkì tí owó ti jáde, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò tí a fi í ránṣẹ́, méjìlá ìkẹyìn sì jẹ́ ti owó yẹn nìkan, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni báńkì méjèèjì fi lè tọpa owó. Nínú gbogbo ìrìn mi, kò sí òṣìṣẹ́ kan tó béèrè rẹ̀, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n mú un dání.

A kọ ìwé ojú ewé kan: nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́, àkókò, iye owó, session ID, àwọn ọjọ́ tí mo ti wá àti ohun tí wọ́n sọ fún mi. Kò sí èébú níbẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16, Ààrẹ Buhari bá ará ìlú sọ̀rọ̀ pé owó 200 àtijọ́ nìkan ni a ó máa ná títí di ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó ti rédíò mo gbọ́ ọ tán, kí n tó mú ẹ̀dà ìwé méjì lọ sí báńkì. Mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọkùnrin tó gbà á ní kò pọn dandan. Mo ní màá dúró. Mo dúró fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, mo rẹ́rìn-ín sí i ní gbogbo ìgbà tó bá wo ọ̀dọ̀ mi, ó sì fún mi níkẹyìn.

Màmá sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni báńkì ní láti fi yanjú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, pé lẹ́yìn ìyẹn, ènìyàn lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ṣùgbọ́n pé wọn kò ní dá ẹni tí kò tíì fi ẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ lóhùn. Ẹ̀rí pé mo ti fi sùn ni òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà yẹn. Mo tún wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé láti oṣù Kẹfà, ọdún 2020 ni CBN ti pàṣẹ lórí àwọn ọ̀ràn kan tó wọ́pọ̀: bí ẹ̀rọ ATM báńkì rẹ bá yọ owó rẹ láìsan án fún ọ, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má ju wákàtí 24 lọ, bí ó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48, ti POS àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò sí èsì. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ yóò wà ní ìlò títí di ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, mo kọ̀wé sí CBN, mo sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka báńkì mi ní ọwọ́ ara mi. Ó kà á lórí ìdúró, ó sì ní kí n jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan ní kí n jókòó níbẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún: 68,500 náírà. Wọn kò kọ̀wé, wọn kò bẹ̀ mí, wọn kò sì ṣàlàyé ibi tí ó ti wà.

Mo ní ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù báyìí tí mo ń kọ gbogbo owó tó bá ju 20,000 náírà sí, pẹ̀lú session ID rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ra ọjà ńlá, mo máa ń kọ́kọ́ fi 1,000 náírà ránṣẹ́, bí ó bá wọlé ni màá tó fi èyí tó kù ránṣẹ́. Àkáǹtì mi ti di méjì, ní báńkì méjì. Owó bẹntiróòlù àti ti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kì í kúrò nílé mi. Mo sì ń kọ ọjọ́ tí aṣọ yóò yá fún oníbàárà sórí ìwé. Bí mo bá rí i pé kò ní ṣeé ṣe, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pè.

Àwọn méje tó kó aṣọ wọn lọ láìrán ti san 3,000 náírà àsansílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ná an sórí ọjà kí gbogbo rẹ̀ tó bàjẹ́. Láti oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin ni mo fi dá a padà díẹ̀díẹ̀. Mẹ́fà ti gbà á, méjì nínú wọn sì tún ti gbé aṣọ wá. Nọ́ńbà ẹnì keje kò lọ mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó kò sì mọ ibi tó kó lọ. Owó rẹ̀ wà nínú àpò ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, mo sì kọ àwọ̀ lésì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí n lè rántí rẹ̀ bó bá wọlé.